Ọwọ́ Ọmọdé Kò Tó Pẹpẹ: Ìtàn Áísì àti Tíráńsísítọ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ta ni nínú wa tí kò tíì gbọ́ ariwo "kẹ́-kẹ́" tí sítébílásà máa ń pa bí iná bá ń lọ sókè sódò? Rìléè ló ń dún bẹ́ẹ̀. Súwíìsì ni rìléè, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ èèyàn ló ń tẹ̀ ẹ́. Wáyà tí wọ́n wé mọ́ irin ló ń di òòfà, tó ń fà á pa dé. Nínú púpọ̀ nínú ẹ̀rọ báwọ̀nyí, áísì ló ń pàṣẹ, tíráńsísítọ̀ ló ń jẹ́ iṣẹ́, rìléè ló ń gbé ẹrù. Bí nǹkan bá bàjẹ́ láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, áísì la máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Owó tí àwa oníbàárà ti fi ra áísì tuntun dípò èyí tí kò ṣe nǹkan kan, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n tú ìtàn wọn palẹ̀.

Rìléè ló ṣáájú. Ní ọjọ́ 9 oṣù September, 1947, kọ̀ǹpútà Mark II tó ń fi rìléè ṣe ìṣirò ní Yunifásítì Harvard, ní Amẹ́ríkà, ń ṣe ségesège. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò títí wọ́n fi bá àfòpiná kan nínú rìléè. Wọ́n fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé iṣẹ́ ọjọ́ náà, ìwé ọ̀hún sì wà ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian dòní olónìí. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn: wọ́n wá a kàn ni, wọn ò méfò.

Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 16 oṣù December, John Bardeen àti Walter Brattain ṣe tíráńsísítọ̀ àkọ́kọ́ ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí Bell, ní Murray Hill, New Jersey. William Shockley ni ọ̀gá wọn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1956. Lọ́dọ̀ tiwa, rédíò kékeré alágbèéká la kọ́kọ́ mọ̀ sí tíráńsísítọ̀, ṣùgbọ́n nǹkan ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta inú rẹ̀ gan-an ló ni orúkọ. Nínú irú tí a ń sọ yìí, béèsì ni ẹsẹ̀ tó ń gbàṣẹ, kọ̀lẹ́kítọ̀ ló so mọ́ ẹrù, ẹ̀mítà ló kanlẹ̀. Bí iná bíńtín bá gba béèsì wọlé, iná ńlá á rí ọ̀nà gba kọ̀lẹ́kítọ̀ kọjá.

Áísì dé ní 1958, nígbà tí Jack Kilby ti Texas Instruments kó oríṣiríṣi ẹ̀yà iná pọ̀ sórí ègé kan ṣoṣo. Ní àwọn ọdún 1960, ilé-iṣẹ́ kan náà gbé ẹbí 7400 jáde, tó ń lo fóòtì 5. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni irú áísì yìí mọ̀: bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣèlérí fóòtì 2.4 ó kéré tán, ṣùgbọ́n mílí-áńpíà 0.4 péré ni ìlérí náà lè gbé. Rìléè fóòtì 12 sì lè fẹ́ mílí-áńpíà 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Áísì mọ ìṣirò, kò lágbára. Tíráńsísítọ̀ lágbára, kò mọ ìṣirò. Ni wọ́n bá so wọ́n pọ̀.

Ojú ibi tí wọ́n ti so pọ̀ yìí gan-an ni wàhálà ti ń wá. Àwọn ọ̀gá tó mọṣẹ́ tí mo ti jókòó tì ní ṣọ́ọ̀bù, mítà ni wọ́n ń kọ́kọ́ mú. Wọ́n á wọn ẹnu áísì nígbà tó yẹ kó pàṣẹ. Bí iná bá wà níbẹ̀, wọ́n á wọn béèsì sí ẹ̀mítà: bíi 0.7 ló yẹ kó jẹ́. Bó bá fi 2 hàn tàbí jù bẹ́ẹ̀, inú tíráńsísítọ̀ ti já. Bó bá jẹ́ 0.7 lóòótọ́, tí fóòtì 12 sì wà ní kọ̀lẹ́kítọ̀ digbí, tíráńsísítọ̀ ni kò jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Bí kọ̀lẹ́kítọ̀ bá wálẹ̀ sún mọ́ òdo, tí rìléè ò sì dún, ẹ wo rìléè. Ṣé ẹ rí i pé a ò tíì fọwọ́ kan áísì?

Àwọn kan a sì máa yọ rẹsísítọ̀ tó wà láàárín áísì àti béèsì, wọ́n á ní kò wúlò. Béèsì á wá fa ẹnu áísì wálẹ̀ sí 0.7, bẹ́ẹ̀ áísì mìíràn tó ń gbọ́rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ń fẹ́ fóòtì 2 kó tó gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Àṣẹ á dà bí èyí tí wọn ò pa.

Èyí tó burú jù ni ti dáyóòdù. Bí tíráńsísítọ̀ bá pa iná rìléè lójijì, òòfà inú wáyà á ta iná padà, ó sì lè ju fóòtì 100 lọ. Dáyóòdù kékeré tí wọ́n fi dábùú rìléè ló ń gbà á sára. Bí tíráńsísítọ̀ tuntun bá kú bíi ti àná, ẹ má ra ẹ̀kẹta. Ẹ wo dáyóòdù.

Àwọn tó ń ṣe áísì náà gbọ́ igbe yìí. Sidney Darlington ti Bell ti gba ìwé-àṣẹ ní 1953 lórí bí tíráńsísítọ̀ méjì ṣe lè máa ti ara wọn lẹ́yìn. Méje irú ìbejì bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú rẹsísítọ̀ àti dáyóòdù wọn, ló wà nínú áísì ULN2003 tó wà lọ́jà títí di òní.

Bí wọ́n bá sọ fún yín lọ́la pé áísì yín ti jó, ẹ rọra béèrè pé: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mítà kà ní béèsì?" Ẹni tó bá ti wọ̀n ọ́n á dá yín lóhùn kíákíá. Bí kò bá tíì wọ̀n ọ́n, ẹ ní kó wọ̀n ọ́n lójú yín, kí ẹ tó tọwọ́ bọ àpò.