Láti Ohùn Ẹnu Dé Kọ̀ǹpútà: Ta Ló Ń Darí Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi?

Àwa tí a wá láti Òsì, Ìlọ́fà àti àwọn ìlú tó yí wọn ká, ilẹ̀ òkè àti àpáta ni wọ́n bí wa sí. Òkun jìnnà sí wa. Ẹlòmíràn lè bi wá pé kí ló kan ọmọ Èkìtì Kwara nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi. Ó kàn wá o. Ní ìpínlẹ̀ wa yìí, ní Jẹ́bà létí odò Ọya, ni ọkọ̀ kan tó ń fi agbára omi gbígbóná rìn ti parun ní 1857. Láti ibẹ̀ la fẹ́ mú ìtàn yìí.

Dayspring ní Jẹ́bà

Dayspring ni orúkọ ọkọ̀ náà. Dókítà William Balfour Baikie ni olórí ìrìnàjò. Àlùfáà Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, wà lára àwọn tó bá a lọ. John Glover, tó wá ṣèjọba Èkó lẹ́yìn ọdún mélòó kan, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá, wọ́n fẹ́ gba àárín àwọn àpáta Jẹ́bà kọjá. Omi le, ó gbá ọkọ̀ lu àpáta, ó sì parí síbẹ̀.

A ò sọ pé ọ̀nà tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún ẹ́ńjìnnì ló fà á. Agbára omi Ọya nìkan tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí àṣẹ ṣe ń rìn nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà náà. Ọ̀gá ọkọ̀ wà lókè, ó ń wo omi. Ẹni tó wà nídìí ẹ́ńjìnnì wà nísàlẹ̀, irin àti iná nìkan ló ń rí. Ohùn ẹnu, agogo tàbí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ ló ń so àwọn méjèèjì pọ̀. Bí ariwo bá bo ohùn mọ́lẹ̀, àṣẹ sọnù nìyẹn.

Àrokò inú ọkọ̀

Nígbà tó yá, wọ́n ṣe ohun tí a lè pè ní àrokò inú ọkọ̀. Ilé-iṣẹ́ Chadburn ní Liverpool wà lára àwọn tó gbajúmọ̀ nídìí rẹ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ á ti ọ̀pá kan sí "síwájú", "dúró" tàbí "sẹ́yìn". Agogo á dún nísàlẹ̀, ọfà á sì tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan náà. Onímọ̀ ẹ̀rọ á ti ọ̀pá tirẹ̀ padà láti fi hàn pé òun ti gbọ́. Iṣẹ́ ló ń jẹ́, kò fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rárá. Ọwọ́ ènìyàn ṣì ni gbogbo rẹ̀ wà.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì díísù dé, tí Selandia sì gbéra láti Denmark ní 1912, iṣẹ́ ọwọ́ náà tún le sí i. Púpọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì ńlá ọkọ̀ òkun kò ní jíà. Bí ọkọ̀ bá máa padà sẹ́yìn, wọ́n gbọ́dọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n yí ètò rẹ̀ padà, kí wọ́n sì fi afẹ́fẹ́ tí wọ́n ti fún mọ́ inú àgbá irin tún un tá. Bí wọ́n bá ná afẹ́fẹ́ yẹn tán, ẹ́ńjìnnì kò ní tá mọ́.

Ìgbà tí ọ̀pá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iṣẹ́ fúnra rẹ̀

Ní 1961, àwọn ará Japan kan ọkọ̀ Kinkasan Maru, tí wọ́n lè darí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tààrà láti ibi tí wọ́n ti ń tukọ̀. Lónìí, ilé-iṣẹ́ bíi Kongsberg ní Norway àti Nabtesco ní Japan ló ń ṣe irú ẹ̀rọ ìdarí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ ti ọ̀pá, kọ̀ǹpútà sì gba àṣẹ. Á wò ó bóyá afẹ́fẹ́ wà, á ta ẹ́ńjìnnì, á fún un ní epo, á sì máa mú eré rẹ̀ pọ̀ díẹ̀díẹ̀ kí irin má bàa fọ́. Bí ewu bá dé, ó lè pa ẹ́ńjìnnì láìbi ẹnikẹ́ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti gba àròjinlẹ̀ nìyí. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejìlá 1996, ọkọ̀ Bright Field ń bọ̀ lórí odò Mississippi ní New Orleans. Agbára ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ sílẹ̀, ẹ̀rọ ààbò sì pa á. Ẹ́ńjìnnì bọ́ lọ́wọ́ ewu, ṣùgbọ́n ọkọ̀ lọ kọ lu ilé ìtajà etí odò. Kò sẹ́ni tó kú, àmọ́ àwọn tó fara pa lé ní 60.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìdí nìyẹn tí òfin àgbáyé lórí ààbò ọkọ̀, SOLAS, fi sọ pé ibì kan ṣoṣo ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti máa darí ẹ́ńjìnnì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ènìyàn sì lè darí rẹ̀ nídìí rẹ̀ gan-an bí ẹ̀rọ ìdarí bá tilẹ̀ kọṣẹ́.

Àwa ńkọ́?

Ọwọ́ tó mọ ìdí ẹ́ńjìnnì kò ṣeé kọ́ nínú ìwé nìkan. Ní 1959, Nàìjíríà dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀, Nigerian National Shipping Line. Ọkọ̀ rẹ̀ ju 20 lọ nígbà kan, orúkọ odò wa sì ni wọ́n fi sọ púpọ̀ nínú wọn. Ní 1995, wọ́n tú u ká. Ilé ẹ̀kọ́ ní Oron ṣì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí onímọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ lo, ó kéré tán, oṣù 6 nínú yàrá ẹ́ńjìnnì lórí omi. Ọkọ̀ ta ni yóò gbà wọ́n?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa tó ń kọ́ nípa iná àti kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ yín wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin àgbà tó ti jáde, tẹ́ ẹ sì wà lẹ́nu iṣẹ́ èbúté àti ọkọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa àwọn àbúrò yín wọlé. Bí ọ̀pá kan ṣoṣo lókè bá tilẹ̀ ń ta ẹ́ńjìnnì, ẹni tó máa sáré sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀pá náà kò bá dáhùn, a ṣì nílò rẹ̀.