Oníbodè Iná Inú Ilé: Ìtàn Bírékà Tó Ń Gba Ẹ̀mí Là

Ọ̀kan nínú yín tó ń kọ́lé lọ́wọ́ ló bi mí ní ìbéèrè kan. Oníná rẹ̀ ní kó ra bírékà kan tó wọ́n ju àwọn yòókù lọ, ó wá ń ṣiyèméjì bóyá wọ́n fẹ́ fi jẹ òun lówó ni. Mo ní kó rà á. Ṣùgbọ́n ẹ ṣáà mọ̀ mí, n kì í dáhùn ìbéèrè láìpìtàn. Ìtàn nǹkan kékeré yìí sì kàn wá ju bí ẹ ṣe rò lọ, torí pé ilẹ̀ Áfíríkà ni apá pàtàkì nínú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Láti ayé Thomas Edison, ní nǹkan bí 1880, làwọn èèyàn ti ń fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ sójú ọ̀nà iná. Bí iná bá pọ̀ jù, wáyà náà á yọ́, iná á sì kú. Fíúsì nìyẹn. Ní 1924, Hugo Stotz ní ìlú Mannheim, ní Jámánì, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí bírékà kékeré tó lè rọ́pò fíúsì. Òun kì í yọ́; ńṣe ló ń já, a ó sì gbé e padà. Iṣẹ́ kan náà làwọn méjèèjì ń ṣe: wọn ò ní jẹ́ kí wáyà gbóná débi tí ilé á fi jó. Wáyà ni wọ́n ń ṣọ́, wọn ò ṣọ́ ènìyàn.

Ẹ ṣe ìṣirò yìí fúnra yín. Fíúsì inú pulọ́ọ̀gì wa sábà máa ń jẹ́ 13 amp. Gílóòbù 60 watt ń gba nǹkan bí ìdá mẹ́rin amp kan. Iná tó lè da ọkàn ènìyàn rú kò tó ìyẹn rárá. Tó bá ti kọjá 30 milliamp, tí kò sì tètè já, ewu ti dé. 30 milliamp kò tó ìdá mẹ́jọ ohun tí gílóòbù yẹn ń gbà. Ìyẹn ni pé iná lè gbé ènìyàn títí tí ẹ̀mí á fi bọ́, kí fíúsì má sì mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ló ká àwọn kan lára ní Gúúsù Áfíríkà, níbi tí wọ́n ti ń wa góòlù. Abẹ́ ilẹ̀ lọ́rinrin, wáyà pọ̀ níbẹ̀, iná sì ń gbé àwọn èèyàn. Àwọn ẹ̀rọ ààbò tó wà nígbà náà kì í já àfi tí iná tó ń jò bá tó nǹkan bí 10 amp. Ẹnjiníà kan, Henri Rubin, tó ń ṣiṣẹ́ ní Alberton nítòsí Johannesburg, ṣe èyí tó ń já ní 250 milliamp ní 1955. Kò dúró níbẹ̀. Nígbà tí 1956 bẹ̀rẹ̀, ó ti ṣe òmíràn tó ń já láàárín 12.5 sí 17.5 milliamp. Ó rò ó bóyá kóun lo transistor, ṣùgbọ́n kò tíì ṣeé gbọ́kàn lé lásìkò náà, ló bá fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì ṣe é.

Lẹ́yìn náà ni iná gbé obìnrin kan pa nínú ilé ní Stilfontein, abúlé àwọn òṣìṣẹ́ ìwakùsà góòlù. Láàárín 1957 sí 1958, wọ́n fi irú ẹ̀rọ Rubin yìí, tó ń já ní 20 milliamp, sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé ní abúlé náà. Ẹ̀yin tí ẹ bá mi ka ìtàn á ti máa béèrè: ilé ta ni? Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ló wà lórí àlééfà. Àwọn òyìnbó òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń fún ní ilé ẹbí ní irú abúlé bẹ́ẹ̀; inú ọgbà ni wọ́n ń kó àwọn awakùsà adúláwọ̀ sí, láìsí aya, láìsí ọmọ. Èmi ò kó ìyìn kúrò lọ́rùn Rubin. Àmọ́ ìtàn ohun èlò kì í pé tí a ò bá béèrè ẹni tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kì í ṣe òun nìkan ló ń wá ọ̀nà. Ní Austria, Gottfried Biegelmeier dán iná wò lára ara rẹ̀ kó lè mọ ibi tí ewu ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Charles Dalziel, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Berkeley, tó ti ṣèwádìí fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí bí iná ṣe ń pa ènìyàn, ṣe ti tirẹ̀ pẹ̀lú transistor ní 1961.

Ẹ wá wo tiwa. Iná mànàmáná dé Èkó ní 1896. Láti ìgbà náà sí ìgbà tí Rubin parí iṣẹ́ rẹ̀, ọgọ́ta ọdún ni. Ní 1964, ère Ṣàngó tí Ben Enwonwu ṣe gbé ọ̀ṣé dúró níwájú ilé iṣẹ́ iná ní Marina. Ó bá a mu, àbí? Ẹni tó ni Ṣàngó nílé, tó bá gbọ́n, á mọ èèwọ̀ rẹ̀.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Ẹ rántí oníbodè ìlú láyé àtijọ́. Ẹ ní kó máa ka àwọn tó gba ẹnu bodè jáde láàárọ̀ àtàwọn tó wọlé nírọ̀lẹ́. Bí ogún bá jáde, tí mọ́kàndínlógún wọlé, ẹnì kan ti gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Wáyà méjì ló ń gba inú òrùka irin kan kọjá nínú bírékà yìí: ọ̀kan ń gbé iná lọ, èkejì ń dá a padà. Bí iye wọn bá dọ́gba, kò sí wàhálà. Bí díẹ̀ bá dín, ó ti gba ibòmíì wọlẹ̀, ó sì lè jẹ́ ara ọmọ yín ló gbà. Òrùka náà á mọ̀ ọ́n lára, bírékà á sì já kí ènìyàn tó ṣẹ́jú.

Ṣùgbọ́n oníbodè lè sùn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi bọ́tìnì tí wọ́n kọ T sí sí i lára. Nígbà tí iná bá wà, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ó gbọ́dọ̀ já lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Tí kò bá já, ẹ má fọwọ́ gbá a. Ẹ pe oníná. Bírékà tó ti di gan-an rí bí èyí tó dáa lójú, ohun tó sì burú nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ máa dán an wò ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ẹ fi sọ́kàn pé bọ́tìnì yẹn kò sọ fún yín bóyá wáyà tó wọlẹ̀ nílé yín dáa.

Tó bá wá ń já ṣáá ńkọ́? Mo ti rí ilé tí wọ́n ti yọ ọ́ dànù, tí wọ́n so wáyà pọ̀, wọ́n ní ariwo rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ yọ gbogbo pulọ́ọ̀gì nínú sókẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe kí ẹ pa súwíìṣì nìkan, torí súwíìṣì lè má gé wáyà kejì. Ẹ gbé bírékà sókè, kí ẹ wá máa ki wọ́n bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá já a ni ọ̀daràn. Áyọ́ọ̀nù, kẹ́tùlù, ẹ̀rọ omi àti gílóòbù ìta tí òjò ń pa ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Tó bá ń já láìsí nǹkan kan nínú sókẹ́ẹ̀tì, inú wáyà ilé tàbí bírékà fúnra rẹ̀ ni àìsàn wà.

Pípààrọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ oníná ni. Ẹ̀yin ẹ ṣáà dúró tì í. Ṣé ó ti pa iná ìta, jẹnẹrétọ̀ àti inverter pátá? Ṣé 30 milliamp ni wọ́n kọ sára tuntun náà? Ṣé wáyà méjèèjì ló gba inú rẹ̀ kọjá? Tó bá ní ẹ̀rọ ìdánwò, kó wọn ìyára rẹ̀: ní 30 milliamp, kò gbọdọ̀ pẹ́ ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ kó tó já.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Nírọ̀lẹ́ òní, tí wọ́n bá mú iná wá, ẹ lọ tẹ T yẹn, kí ẹ sì kọ̀wé sí mi bó bá já àti bí kò bá já.