Ọtí Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Kí Bíà Tó Dé

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń fi oyin àti èso dán ọtí pípọn wò nínú ilé lónìí ló rò pé ọgbọ́n òyìnbó ni àwọn ń kọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Ẹ jẹ́ ká gba ọ̀nà Akanran lọ, ìlú tí ogun Àgbẹ́kọ̀yà sọ di olókìkí ní 1968 àti 1969, ká wo ohun tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń ṣe.

Bí àgbẹ̀ bá ti la kòkó tán, kì í sá a sóòrùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Yóò kó o jọ, yóò fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà. Òkìtì náà á gbóná, omi dídùn ara rẹ̀ á máa ro sílẹ̀, òórùn ọtí á sì gba oko kan. Ọtí ni omi yẹn ń dà! Ẹni tó bá mọ èyí ti mọ ìdajì iṣẹ́ ọlọ́tí.

Ìdajì kejì wà lọ́dọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, tí wọ́n ń gbìn sáàárín kòkó kékeré kó lè ṣíji bò ó. Nígbà tó bá pọ́n ju èyí tí ẹnu lè jẹ àti èyí tí ọjà lè rà lọ, kí ni ká fi ṣe? Wọ́n á bó o, wọ́n á gé e, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n á sẹ́ ẹ. Àgàdàgídí dé nìyẹn, ọtí tí Ifẹ̀, Ìjẹ̀ṣà àti Oǹdó mọ̀ dáadáa.

Kò sẹ́ni tó bu ìwúkàrà sí i. Louis Pasteur, ará Faransé, ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà ní 1857: ohun ẹlẹ́mìí tín-tìn-tín ni ìwúkàrà, ó ń jẹ ṣúgà, ó sì ń sọ ọ́ di ọtí. Ó ti wà lára èèpo èso tẹ́lẹ̀. Oyin gidi ki jù fún un, ṣùgbọ́n bí a bá ti fi omi là á, ọtí bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Etiópíà ṣe ń pọn ọtí oyin wọn tí wọ́n ń pè ní tẹ́jì.

Kí ló wá sọ ọgbọ́n yìí di àjèjì lójú wa? Owó ibodè wà níbẹ̀. Jìnnì tó ń ti Jámánì àti Họ́láńdì wá ń pa owó gidi fún ìjọba òyìnbó. Ní 1919, wọ́n ṣe àdéhùn ní Saint-Germain pé kí ọtí líle olówó pọ́ọ́kú má wọ Áfíríkà mọ́. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn 1930, àwọn èèyàn wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná sè ẹmu, wọ́n ń gba omi ooru rẹ̀, ó di ògógóró. Ìjọba ní ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ọlọ́pàá ń wá wọn kiri inú igbó, adájọ́ ń rán wọn lẹ́wọ̀n. Nígbà tí bíà Star jáde l'Ékòó ní 1949, ọmọ ọ̀làjú tún bẹ̀rẹ̀ sí í tijú ọtí ìbílẹ̀.

Ẹ wá wo bí ayé ṣe yí. Ní 1988, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ọkà báálì láti òkè òkun. Iléeṣẹ́ bíà ńláńlá sáré padà sídìí ọkà bàbà àti àgbàdo, ohun tí àwọn baba wa fi ń pọn ọtí látijọ́!

Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́, má jẹ́ kí èyí gbé ọ lọ sídìí iná. Ní 2015, ògógóró pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní Òde-Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Mẹ́táńọ̀ọ̀lù, májèlé tí ojú kò lè dá mọ̀ yàtọ̀ sí ọtí, ni àyẹ̀wò tọ́ka sí. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, kó dúró sórí èso, oyin àti omi. Kó fọ ìkòkò rẹ̀ mọ́ tónítóní. Kó má dé ìgò pa nígbà tí ọtí ṣì ń hó, nítorí atẹ́gùn inú rẹ̀ lè fọ́ ọ. Kó má sì sè é. Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.