M Bá Rí, M Bá Yọ̀: Àwọn Ọ̀dọ́ Tó Mú Àwòrán Wọ Ìgboro Òṣogbo

Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni "mbari". Ní agbègbè Owerri, ilé amọ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ilé tí wọ́n máa ń mọ fún Ala, òrìṣà ilẹ̀, tí wọ́n á sì kó ère amọ̀ aláwọ̀ mèremère kún inú rẹ̀. Ní ọdún 1961, àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán kan ní Ìbàdàn, tí Wọlé Ṣóyínká wà lára wọn, mú orúkọ náà fún ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀. Nígbà tí orúkọ yìí dé Òṣogbo ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Yorùbá ni etí àwọn ará ìlú gbọ́. Wọ́n ní, "M bá rí i, m bá yọ̀." Bí ilé kan ní ìgboro Òṣogbo ṣe di Mbárí Mbáyọ̀ nìyẹn. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí gan-an, nítorí kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n kankan ló jókòó tú orúkọ náà sí Yorùbá. Àwọn tó ń kọjá lọ ní títì ni.

Ìdí tí mo fi lọ wá ìtàn Mbárí Mbáyọ̀ kà ni ọ̀rọ̀ kan tó ṣẹlẹ̀ láàárín àwa ọ̀rẹ́. Ìsẹ́yìn ni mò ń gbé. Àwa mẹ́rin la jọ máa ń wo àwòrán kiri ìlú: orí tí wọ́n yà sára pátákó àwọn onígbàjámọ̀, kìnnìún àti ẹyẹ idì tó wà lẹ́yìn tírélà, àti ọ̀rọ̀ tí àwọn awakọ̀ ń kọ sára lọ́rì. Ọ̀kan nínú wa, ọmọ Ṣakí tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ níbí, máa ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ ara ọkọ̀ tó bá rí láti ilé wọn, gba Àgọ́-Àrẹ àti Tẹdé, títí tó fi máa wọ Ìsẹ́yìn, á sì kọ wọ́n sínú ìwé kan. Èyí tó mọ àwòrán yà jù nínú wa ti ń lọ sọ́dọ̀ àtíìsì kan lẹ́yìn ilé-ìwé. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Àlájì, pè é jókòó, wọ́n bi í pé ṣé ọ̀dà ara ògiri ni yóò fi gbọ́ bùkátà ìyàwó àti ọmọ. Wọ́n ní iṣẹ́ àwọn tí kò níṣẹ́ ni. Wọn ò pariwo o, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò gbọdọ̀ lọ mọ́. Kí a sọ òótọ́, ìbéèrè Àlájì kì í ṣe ìbéèrè burúkú. Mo kàn rò pé ó yẹ ká wo ìtàn wò ká tó dá a lóhùn.

Dúró Ládípọ̀ ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ ni, ó sì ń ṣe orin fún ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó fi ìlù dùndún sínú orin Àjíǹde tó kọ, àwọn àgbà ìjọ kò gbà, wọ́n ní ìlù yẹn kì í ṣe ti inú ilé Ọlọ́run. Ó gbé orin rẹ̀ jáde. Ó ní ilé ọtí kan ní Òṣogbo nígbà náà. Pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Ulli Beier, ará Jámánì kan tó ti wà ní Yunifásítì Ìbàdàn láti ọdún 1950, ó sọ ilé ọtí náà di ibi eré àti ibi ìpàtẹ àwòrán ní ọdún 1962. Ẹ fojú inú wò ó: àárín ìgboro ni, ẹni tó ń bọ̀ láti ọjà lè yà wọlé wò, kò sí ẹni tí yóò bi í bóyá ó kàwé.

Eré tó sọ Dúró Ládípọ̀ di olókìkí ni Ọba Kòso, ìtàn Ṣàngó Aláàfin Ọ̀yọ́, tí wọ́n gbé lọ sí Berlin ní ọdún 1964. Àwa ará Òkè-Ògùn kò gbọdọ̀ gbọ́ ìtàn Aláàfin bí ìtàn àjèjì. Ìgbòho ni àwọn Aláàfin wá fi ṣe olú ìlú nígbà tí ogun lé wọn kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé, mẹ́rin nínú wọn ni wọ́n sì sin síbẹ̀, nínú Igbó Ọba. Ẹni tó bá ti Ìsẹ́yìn lọ sí Ìgbòho kò ní fi gbogbo ọjọ́ rìnrìn-àjò.

Àwòrán ni mo fẹ́ sọ, kì í ṣe eré, ṣùgbọ́n ní Òṣogbo, ọmọ ìyá kan náà ni méjèèjì. Nínú ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládípọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ayàwòrán náà ti jáde. Ní ọdún 1962, Denis Williams, ayàwòrán kan láti Guyana, wá ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀ ní Mbárí Mbáyọ̀. Nígbà tó di ọdún 1964, Georgina Beier ṣe èyí tó lókìkí jù. Ẹnikẹ́ni ló lè wá. Wọ́n gbé ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì fún àwọn ọ̀dọ́, wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ láti ya ohun tó wà lọ́kàn wọn. Lẹ́yìn tí ọjọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ parí, Georgina wo àwọn tí iná náà ti mú lára wọn, ó sì ń bá wọn ṣiṣẹ́ lọ.

Àwọn wo ni wọ́n? Jimoh Buraimoh ni ó ń tọ́jú iná mànàmáná fún ẹgbẹ́ eré náà. Muraina Oyelami, ọmọ Ìràgbìjí, ti ta epo ní ilé epo rí. Rufus Ogundele àti Jacob Afolabi wà lára àwọn òṣèré. Adebisi Fabunmi náà wà níbẹ̀. Ọ̀dọ́ ni gbogbo wọn. Wọ́n jọ ń ṣeré, wọ́n jọ ń lùlù, wọ́n sì jọ ń wo iṣẹ́ ara wọn. Síbẹ̀ bí ẹ bá gbé àwòrán wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ ó rí i pé ọwọ́ wọn kò jọra. Oyelami máa ń ya ilé àti ojú ènìyàn ní ìrọ̀rùn. Buraimoh ní tirẹ̀ fi ọ̀dà àti ìlẹ̀kẹ̀ pọ̀, ìlẹ̀kẹ̀ irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe adé ọba, tó fi jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ń dán bí oòrùn bá kan án.

Èyí tí àwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ràn jù ni Twins Seven Seven. Taiwo Olaniyi ni orúkọ rẹ̀, Ògìdì ni ìlú rẹ̀. Ó ní ìbejì ọ̀nà méje ni ìyá òun bí, òun nìkan ló sì kù láyé nínú gbogbo wọn. Bó ṣe dé Òṣogbo ní ọdún 1964 nìyí: ó ń jó kiri pẹ̀lú ọkùnrin kan tó ń ta oògùn, òun ni yóò jó kí èrò lè pé, kí olóògùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í polówó. Irú ijó bẹ́ẹ̀ ṣì wà ní ọjà wa dòní, àyàfi pé ẹ̀rọ agbóhùnsókè ló ti ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ oníjó báyìí. Ó ya Mbárí Mbáyọ̀, aṣọ ọrùn rẹ̀ kò jọ ti ẹnikẹ́ni, wọ́n sì ní kó dúró. Nígbà tó mú kálàmù, iwin, ẹranko olórí púpọ̀ àti igi tó ní ojú ló ń yà, ó sì fi ìlà wẹ́wẹ́ kún gbogbo ara wọn. Ẹni tó bá ti ka Fágúnwà tàbí Tutùọlá yóò mọ ibi tí irú àwọn ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ ń gbé.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ti àwòrán ìgboro gan-an, ẹni tí mo fún ní ipò kìn-ín-ní ni Adebisi Akanji. Bíríkìlà ni. Nígbà tí àwọn Àgùdà ti Brazil padà wálé láyé àtijọ́, wọ́n kó irú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wá sí Èkó tó tàn dé àwọn ìlú wa, tí wọ́n máa ń fi kìnnìún sìmẹ́ǹtì sára rẹ̀. Akanji mọ irú ẹranko sìmẹ́ǹtì bẹ́ẹ̀ ṣe. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi sìmẹ́ǹtì ṣe ògiri oníhò, irú èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, ó sì fi ènìyàn, ẹranko àti ìtàn sínú rẹ̀. Ọ̀kan wà ní ilé tí Susanne Wenger ń gbé ní ọ̀nà Ìbòkun. Òmíràn, ó ṣe é sí ilé epo Esso ní Òṣogbo. Ilé epo! Ẹni tó wá ra epo, ọmọ ọkọ̀, ìyá tó gbé ẹrù lórí, gbogbo wọn ló ń rí iṣẹ́ rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ó sì wà lára àwọn tó bá Susanne Wenger, ará Austria tó di olórìṣà, mọ àwọn ère ńlá inú igbó Ọ̀ṣun, èyí tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní ọdún 2005.

Àwọn kan wà tí wọn kò ka iṣẹ́ Òṣogbo sí. Àwọn ayàwòrán tó ti kàwé gboyè, pàápàá láti Zaria níbi tí Yusuf Grillo, Bruce Onobrakpeya àti Uche Okeke ti kẹ́kọ̀ọ́, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ bí wọ́n ṣe ń yàwòrán. Inú irú wọn kò lè dùn láti rí i pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀ lè sọ ènìyàn di olókìkí ní Yúróòpù. Àwọn mìíràn sọ pé òyìnbó ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, òyìnbó ló sì ń rà á. Òótọ́ wà níbẹ̀. Láìsí Beier àti ìyàwó rẹ̀, ta ni ìbá gbé àwòrán ọmọ Ìràgbìjí lọ sí òkè òkun ní 1965? Àmọ́ èmi kò gbà pé òyìnbó ló dá wọn. Iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ti wà lọ́wọ́ Akanji kí ẹnikẹ́ni tó ra iṣẹ́ rẹ̀. Asiru Olatunde, tó ń fi òòlù lu àwòrán sára bàbà àti alumíníọ̀mù, inú agbo ilé alágbẹ̀dẹ ló ti wá. Ilé ọtí Dúró Ládípọ̀ ni wọ́n sì lò. Ohun tí àwọn àlejò mú wá ni ọ̀dà, àyè, àti ojú tó mọ rírì ohun tó wà nílẹ̀. Ohun ńlá ni, mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó gbé fìtílà wọ yàrá kọ́ ló kó ẹrù inú yàrá wá.

Níbi tí mo ka ìtàn yìí dé ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo Ìsẹ́yìn pẹ̀lú ojú mìíràn. Àwa náà ń wá àwòrán Èkó lórí fóònù, àwọn tí wọ́n yà sí abẹ́ afárá Falomo, bẹ́ẹ̀ ni a ń kọjá lára òfì lójoojúmọ́ láìwò ó. Ẹ wo bí ahunṣọ ṣe ta òwú rẹ̀ sílẹ̀ gbọọrọ níwájú òfì, tí òkúta wúwo wà ní òpin rẹ̀ lórí pákó, tí pákó náà ń wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí aṣọ ṣe ń gùn. Ẹni tó ń kọjá gbọ́dọ̀ yà fún un. Aṣọ tó ń hun kò fẹ̀ ju bí ìwọ̀n ínǹṣì mẹ́rin lọ, wọ́n á wá rán wọn pọ̀. Láyé àtijọ́, inú ìtẹ́ kòkòrò inú igbó ni wọ́n ti ń fa òwú ṣányán. Sílíkì pupa àlàárì ní tirẹ̀ gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá láti Tripoli kó tó dé ọwọ́ oníṣòwò wa. Aró ni wọ́n fi ń re ẹtù. Lónìí, òwú dídán láti ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ló pọ̀, àwọn ọmọ tí kò ju wa lọ sì ni wọ́n ń jókòó sídìí òfì, tí wọ́n ń gbọ́ orin lórí fóònù, tí wọ́n ń dá àrà tuntun. Ọ̀kan nínú wọn hun orúkọ ìyàwó sára aṣọ ìgbéyàwó kan níṣojú wa. Bí ìyẹn kò bá jẹ́ àwòrán ìgboro, mi ò mọ ohun tó tún ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn àtíìsì pátákó ni ọ̀rọ̀ wọn ń dùn mí. Flex ti gba iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Kọ̀ǹpútà ló ń tẹ̀ ẹ́, ó yá, ó mọ́, kò sì wọ́n, mi ò lè bá onígbàjámọ̀ wí pé ó rà á. Kìkì ọkọ̀ ńlá ló ṣì ń gba búrọ́ọ̀ṣì dáadáa. Ìwé ọ̀rẹ́ wa ọmọ Ṣakí ti ń sún mọ́ òpin, ó sì ní òun yóò ra òmíràn.

Nígbà tí a lọ bá Àlájì, èmi ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo sì ka àwọn ará Òṣogbo náà fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní Oyelami ti jẹ oyè Ẹ̀ṣà ní Ìràgbìjí, ó sì ti ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì ní Ifẹ̀. Mo ní UNESCO fi Twins Seven Seven ṣe ayàwòrán àlàáfíà ní ọdún 2005, ọdún mẹ́fà kó tó kú. Mo dárúkọ Nikẹ Okundaye pẹ̀lú, tó jẹ́ ìyàwó rẹ̀ nígbà kan, tó ní ilé àwòrán ńlá ní Lẹ́kí báyìí. Wọ́n gbọ́ mi títí.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé, "Èyí tí o ní ó ń tọ́jú iná yẹn, ṣé ó fi iná sílẹ̀ kó tó máa yàwòrán ni?"

Mo ní, "Rárá o, Àlájì. Ó ń ṣe méjèèjì pọ̀ ni."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá yíjú sí ọmọ wọn. Wọ́n ní kó parí ìdánwò àṣejáde rẹ̀, kó lọ kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná, kó sì padà sọ́dọ̀ àtíìsì rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé.