Koríko Tí Ọ̀gbẹlẹ̀ Kò Rí Pa

Koríko Bahama ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Bermuda. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n lórí pápá bọ́ọ̀lù àti létí ọ̀nà. Bí ọyẹ́ bá dé, á gbẹ bí èyí tó ti kú. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, á tún rú.

Láyé àtijọ́, ọ̀tá gbáà ni koríko yìí jẹ́ fún àwọn àgbẹ̀ olówùú ní Ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà. Bí wọ́n ṣe ń gé e tó ló ń pọ̀ sí i, nítorí oríkèé rẹ̀ tó bá bọ́ sínú ilẹ̀ tútù lè hù. Ní 1929, wọ́n rí oríṣi rẹ̀ kan tó lágbára púpọ̀ nínú oko òwú àtijọ́ kan nítòsí ìlú Tifton. Ní 1936, onímọ̀ kan, Glenn Burton, dé sí ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ìlú náà. Oúnjẹ màlúù ló ń wá. Ó mú koríko inú oko òwú yìí, ó fi gba irú mọ́ èyí tó ti Gúúsù Áfíríkà wá. Nínú nǹkan bí 5,000 ọmọ tó hù, ẹyọ kan ló yàn. Wọ́n gbé e fún àgbẹ̀ ní 1943, wọ́n pè é ní Coastal. Èso rẹ̀ kì í sábà hù. Ìtàkùn rẹ̀ ni wọ́n ń gbìn, bí a ti ń gbin ọ̀dùnkún. Ní 1960, ibùdó kan náà mú Tifway jáde láti inú irúgbìn tó wá láti Gúúsù Áfíríkà. Èyí ló gba pápá bọ́ọ̀lù àti pápá gọ́ọ̀fù ilẹ̀ olóoru.

Kí ni agbára rẹ̀? Èkíní wà nínú ilẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ lọ jìn, ó sì ní igi abẹ́ ilẹ̀ tó ń kó oúnjẹ pamọ́ sí. Ewé ni ọ̀gbẹlẹ̀ ń pa, kì í ṣe ìdí.

Èkejì wà nínú ewé. Ihò wínníwínní tí ewé fi ń gba afẹ́fẹ́ náà ni omi ń gbà jáde. Ní 1965, Hugo Kortschak àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa ìrèké ní Hawaii. Ní 1966, Hatch àti Slack ní Ọsirélíà tú iṣẹ́ náà palẹ̀. Irú ewé bẹ́ẹ̀ lè pa ihò yìí dé díẹ̀, kí ó sì tún máa se oúnjẹ nínú oòrùn. Koríko Bahama, àgbàdo àti ọkà bàbà ní ẹ̀bùn yìí; ìrẹsì kò ní in.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fi koríko yìí di etí adágún ẹja mú, tàbí tí ẹran ń jẹ ẹ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó kúrú dé ilẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: ewé ló ń bọ́ gbòǹgbò. Bí ó bá sì wọ oko yín, ẹ má ṣe fi ọkọ́ gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ nígbà òjò. Gbígbìn ni ẹ ń gbìn ín yẹn. Ẹ dúró di ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ hú igi abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ síta, kí ẹ sá a sínú oòrùn títí yóò fi gbẹ. Oòrùn tí kò rí i pa nínú ilẹ̀ lè pa á lórí ilẹ̀.

Irè oko wa yóò dára o.