Àlejò Tó Fọ́ Òkúta Odin

Mẹ́rin péré ló ṣì ga dúró nínú àwọn òkúta Stenness ní Orkney, àwọn erékùṣù tó wà ní òkè Skọ́tílándì. Nǹkan bí ọdún 3100 ṣáájú ìbí Kristi ni wọ́n ti rì wọ́n mọ́lẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ pírámíìdì ní Íjíbítì. Ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́ ló gbé wa dé Kirkwall, bọ́ọ̀sì sì kó wa láti èbúté. Òjò ibẹ̀ kì í wá láti òkè bí òjò ilé wa; ẹ̀gbẹ́ ni atẹ́gùn ti ń tì í lu ènìyàn. Bàbá àwọn ọmọ mi yọjú lójú fèrèsé, ó ní, "Ìyá Ìbejì, òkúta náà nìyẹn, mo ti rí i." Ó padà sídìí tíì rẹ̀. Èmi sọ̀kalẹ̀ ní tèmi.

Èyí tí kò sí níbẹ̀ mọ́ ló gbà mí lọ́kàn jù. Òkúta Odin ni wọ́n ń pè é, ihò kan sì wà lára rẹ̀. Bí ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin bá fẹ́ra wọn, ọ̀kan á dúró níwájú, èkejì á dúró lẹ́yìn, wọ́n á ti ọwọ́ bọ ihò náà, wọ́n á di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n á sì búra. Ìgbéyàwó ti so nìyẹn. Tí wọ́n bá fẹ́ tú u ká, ṣọ́ọ̀ṣì Stenness ni wọ́n máa ń lọ, kí oníkálukú gba ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ jáde. Ẹni tó bá mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìmùlẹ̀ kò ní fi èyí rẹ́rìn-ín.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1814, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Captain Mackay, àlejò tó yá ilẹ̀ ibẹ̀ dáko, ní ẹsẹ̀ àwọn tó ń wá wo òkúta ti pọ̀ jù lóko òun. Ó wó ọ̀kan, ó fọ́ òmíràn, ó sì fọ́ Òkúta Odin náà. Inú bí àwọn ará ìlú débi pé wọ́n fẹ́ dáná sun ilé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ òfin ló dá a dúró. Wọ́n gbé èyí tó wó dìde ní 1906, ṣùgbọ́n ti Odin ti lọ pátápátá. Mi ò sọ pé kò sí ẹjọ́ lẹ́nu Mackay. Ta ni yóò fẹ́ kí èrò máa tẹ oko òun mọ́lẹ̀? Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló yá, wọn ò yá ìbúra àwọn ènìyàn mọ́ ọn.

A yà ní Brodgar, níbi tí wọ́n to òkúta yí ká ní òbìrí tó fẹ̀ tó mítà 104. Ààrá sán pa ọ̀kan nínú wọn ní 1980. Ṣàngó mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Skara Brae létí òkun la dé kẹ́yìn. Ìjì ló hú iyanrìn kúrò lórí rẹ̀ ní 1850, tí ilé àwọn ará ìgbàanì fi hàn síta, pẹ̀lú ibùsùn, ààrò àti pẹpẹ ìkẹ́rùsí, òkúta ni gbogbo rẹ̀. Igi ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wọn, òkúta wọn sì máa ń là pẹrẹsẹ bíi pákó. Èmi tí mo ṣe nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù títí mo fi fẹ̀yìntì, gọ́tà tí wọ́n là sábẹ́ àwọn ilé náà ni mo dúró wò. Ẹgbẹ̀rún ọdún márùn-ún sẹ́yìn! Àdúgbò kan wà tí mo mọ̀ n'Íbàdàn tí kò tíì ní irú rẹ̀.

Amọ̀nà wa kò dárúkọ Baikie rárá, bẹ́ẹ̀ Kirkwall ni wọ́n bí i. William Balfour Baikie ni dókítà tó darí ọkọ̀ Pleiad wọ odò Ọya ní 1854, Àjàyí Crowther tiwa sì wà nínú ọkọ̀ náà. Kiníìnì ló ń fún àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ lò, kò sì sí ìkankan tó kú nínú wọn. Òun náà ṣe àlejò, ní Lọ́kọ́jà, ó sì bímọ síbẹ̀. Ó kú ní Sàró ní 1864, ọdún tí Crowther di bíṣọ́ọ̀bù. Wọ́n gbé òkúta ìrántí kan kalẹ̀ fún un nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá St Magnus. Bí ọkọ̀ yín bá gúnlẹ̀ sí Kirkwall, ẹ yà kí i. Wọn kì í gbowó ẹnu ọ̀nà.