Oúnjẹ Ọba: Ìtàn Ìjọ, Yunifásítì àti Ìdíje Ńlá

Ìrìn àjò kúkúrú ló wà láàárín Computer Village ní Ìkẹjà àti pápá ìṣeré Agége. Ní òpópónà Ọ̀tìgbà, àwọn ọ̀dọ́ tó ń tún fóònù ṣe máa ń jiyàn bọ́ọ̀lù láti àárọ̀ dalẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í yọjú sí ìsìn, síbẹ̀ wọ́n mọ orúkọ ìjọ kan, nítorí pé ìjọ náà ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ wo ìtàn àwọn ìjọ àti yunifásítì onígbàgbọ́ tó wọ inú ìdíje ńlá, àti ohun tí ìdíje náà béèrè lọ́wọ́ wọn.

Ìjọ Mountain of Fire and Miracles bẹ̀rẹ̀ ní 1989 lábẹ́ Dókítà D. K. Olukoya. Ní 2007 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù MFM FC sílẹ̀. Ní 2015, ìjọ náà gba ìwé àṣẹ fún Mountain Top University. Ọdún yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ yege láti gòkè sí líìgì àgbà Nàìjíríà, tó sì fi pápá Agége ṣe ilé. Ní 2017, ó ṣe ipò kejì lẹ́yìn Plateau United, Stephen Odey tó ń gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n fún un sì kọjá sí FC Zürich. Ní 2018, ó dé ìdíje àwọn aṣẹ́gun Áfíríkà, ó lé Real Bamako ti Málì jáde kí MC Alger ti Àlgéríà tó lé òun náà jáde. Ní 2022, ó já kúrò ní líìgì àgbà.

Ọjọ́ Àìkú ni ọ̀pọ̀ ìdíje líìgì náà máa ń bọ́ sí, ní ìrọ̀lẹ́. Àwọn kan nínú wa yóò sọ pé ìsìn òwúrọ̀ ti parí nígbà náà, pé ọmọ Agége tí kò ní wọ ṣọ́ọ̀ṣì lè gbọ́ orúkọ Jésù ní pápá. Ọ̀rọ̀ yìí ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ líìgì ti wọ kàlẹ́ńdà ẹlòmíràn. Líìgì ló ń mú ọjọ́, kì í ṣe ìjọ.

Àwọn yunifásítì náà bá ìbéèrè yìí pàdé. Nígbà tí wọ́n dá NUGA, ẹgbẹ́ ìdíje àwọn yunifásítì, sílẹ̀ ní 1965, yunifásítì márùn-ún ló wà: Ìbàdàn, Nsukka, Ifẹ̀, Èkó àti Zaria. Kò sí ti ìjọ kankan nínú wọn. Ní 1999 ni ìjọba kọ́kọ́ fún àwọn aládàáni láṣẹ, Babcock ti ìjọ Adventist ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ sì wà lára wọn. Bowen ti ìjọ Onítẹ̀bọmi tẹ̀ lé e ní 2001, Covenant ní 2002, Redeemer's ní 2005. Àwọn yunifásítì aládàáni ní ẹgbẹ́ ìdíje tiwọn, NPUGA. Fún Adventist, láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì títí tí yóò fi wọ̀ ní Sátidé, eré ìdíje kò sí. Ìpinnu yẹn ti wà kí wọ́n tó kọ́ yunifásítì rárá.

Ẹ jẹ́ kí a wo òkè òkun díẹ̀. Ìjọ Mormon ló ni Brigham Young University ní Provo, ní ìpínlẹ̀ Utah. Ẹ̀kọ́ wọn yàtọ̀ sí tiwa gan-an, ṣùgbọ́n ìtàn wọn wúlò. Yunifásítì náà kì í díje ní ọjọ́ Àìkú. Ní Amẹ́ríkà, owó tẹlifíṣọ̀n ń mú kí àwọn yunifásítì máa ti ẹgbẹ́ ìdíje kan bọ́ sí òmíràn. Ní 2016, ẹgbẹ́ Big 12 wò ó bóyá kí wọ́n gba ọmọ ẹgbẹ́ tuntun. Brigham Young wá, ṣùgbọ́n wọn kò gba ẹnikẹ́ni. Ní 2021, Texas àti Oklahoma kéde pé àwọn ń lọ. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, Big 12 pe Brigham Young, ó sì wọlé ní 2023. Kò tìtorí ìpè náà fi ọjọ́ Àìkú rẹ̀ sílẹ̀.

A rántí Dáníẹ́lì orí kìíní. Ó gba ilé ẹ̀kọ́ Bábílónì, ó kọ́ èdè wọn, ó tilẹ̀ jẹ́ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Oúnjẹ ọba nìkan ni kò jẹ. Ó ti pinnu lọ́kàn rẹ̀ kí àwo tó dé iwájú rẹ̀, ó sì fi ọ̀wọ̀ bẹ olórí àwọn ìwẹ̀fà. Kò sá fún ilé ẹ̀kọ́ náà, kò sì dúró títí ebi fi pa á kó tó mọ ohun tí òun kò ní jẹ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra fún ìgbọ́wọ́lélórí, lọ́la ẹ lè jókòó nínú ìgbìmọ̀ yunifásítì ìjọ yín, tàbí kí ẹ jẹ́ àlùfáà fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ bi ara yín: kí ni oúnjẹ ọba nínú ìdíje yìí? Ta ni yóò bá àwọn ọmọ wọ̀nyí gbàdúrà bí wọ́n bá pàdánù? Bí ẹgbẹ́ bá sì já kúrò ní líìgì, ṣé ìjọ yóò ṣì mọ ilé ọmọ Agége tó máa ń wá wòran?